Sísún Síwájú àti Gbígbà fún Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò parí sí inú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni "defer". Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan láàrin wa tí kò tíì rí i lórí fáìlì, kò sì sí oníṣòwò kan tí kò tíì jìyà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ bí àwa fúnra wa ti ṣe kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí yóò gba ará ìjọ nímọ̀ràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ opó kan wá síwájú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọ. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀, ìlú Kánò yìí ni ó kú sí, ibí yìí ni a sì sin ín sí. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, owó sáà tí ó ń bọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Owó wà nínú àpótí ìrànlọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tí ó sọ pé kí a má fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan bí owó náà yóò ti pọ̀ tó, ẹnìkan ní kí a san gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí a san ìdajì, alága sì sọ pé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn alàgbà, kí wọ́n fi ọgbọ́n àgbà yanjú rẹ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa nígbà náà, pé: "Deferred to the elders."

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn alàgbà, wọ́n kà á pé ìgbìmọ̀ ti sún ọ̀rọ̀ náà síwájú di ọjọ́ ìpàdé àwọn alàgbà, àti pé ìgbìmọ̀ ni yóò wá gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì ń dúró dè wá. Àwa ní tiwa rò pé a ti fi ìdájọ́ lé wọn lọ́wọ́, a sì ń dúró dè wọ́n. Ọjọ́ ìpàdé wọn dé, ó kọjá, kò sí ẹni tí ó dárúkọ opó náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìyá náà bi wá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ wa yẹn ń kọ́?" Àwa náà dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ìyá, ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ẹ ní sùúrù." Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí a fi mọ àṣìṣe wa, oṣù méjì ti kọjá. A sáré san owó náà pátápátá. A sì gbé ìwé ìsanwó lọ bá a nílé, pẹ̀lú ìdùnnú. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ wa, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ náà ti wà nílé-ẹ̀kọ́. Mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀." Ẹ̀rọ náà nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òun ni ó sì ń yá fún ọmọ iṣẹ́ kan tí ń san díẹ̀díẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tí a ń bi ara wa pé, kí ni a ṣe gan-an lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀?

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ "defer" síbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ìlú kan. Èkínní túmọ̀ sí pé kí a sún nǹkan síwájú di ọjọ́ mìíràn. Èkejì túmọ̀ sí pé kí a fi èrò tiwa sílẹ̀, kí a sì gba ti ẹlòmíràn, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí ìmọ̀ rẹ̀, tàbí ipò rẹ̀. Láti èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni àwọn méjèèjì ti wá, wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, ó sì ti ju 500 ọdún lọ tí wọ́n ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí gbígbé tàbí rírù wà nínú àwọn méjèèjì, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a mọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba kò ṣàì mọ "transfer", èyí tí í gbé ènìyàn láti ibùdó kan lọ sí òmíràn láìbi í léèrè.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ kò bá ara wọn mu. "Defer" èkínní wá láti inú "differre", èyí tí í ṣe kí a gbé nǹkan ya ara wọn, kí a gbé e jìnnà. "Defer" èkejì wá láti inú "deferre", èyí tí í ṣe kí a gbé nǹkan sọ̀kalẹ̀, kí a gbé e wá síwájú ẹnìkan. Ọ̀kan ń gbé ẹrù lọ kúrò lójú. Èkejì ń gbé ẹrù wá síwájú ẹni tí yóò gbà á. Ẹni méjì pàdé lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ènìyàn sì rò pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń lọ sí igbó, ọ̀kan ń bọ̀ nílé.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá. "Differ", tí ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan méjì yàtọ̀, àti "defer" èkínní, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n látijọ́. Ibi tí ohùn ti ń wúwo ni ó yà wọ́n. Ọ̀kan ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èkejì ń tẹ ìparí rẹ̀. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, a kò gbọdọ̀ ṣe hàá sí èyí.

Báwo wá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń mọ èwo ni èwo? Ọmọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, tí í ṣe "to". Bí wọ́n bá ní wọ́n "defer" ìpàdé, wọ́n sún ìpàdé síwájú. Bí wọ́n bá ní wọ́n "defer to" alága, wọ́n gba ti alága. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ ọ́ di orúkọ, wọ́n a yà wọ́n pátápátá: "deferment" ni sísún síwájú, "deference" ni ọ̀wọ̀ tí ń mú ni gbà fún ẹlòmíràn. Àṣìṣe tiwa ni pé a fi "to" sí ibi tí ó ti lè jẹ́ ti ọjọ́, tí ó sì tún lè jẹ́ ti ènìyàn, a kò sì kọ ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ iṣẹ́ tí a fi lé ènìyàn náà lọ́wọ́. A mú ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ méjì, a sì lò ó láìní ọ̀kankan.

Èdè tiwa kò po àwọn méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nípa ti àkọ́kọ́, a ní: a sún un síwájú, a fi í dọ̀la, a dá a dúró, a fi í falẹ̀. Nípa ti èkejì, a ní: a gbà fún un, a fi í sílẹ̀ fún un, a yàgò fún un, a tẹríba fún un. Ẹ fi etí sí i dáadáa. Gbogbo ti ìkejì ni ó ń pe "fún", ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ "fún" kò lè pa ẹnu dé títí yóò fi dárúkọ ènìyàn kan. Gbogbo ti ìkínní sì ń bèèrè ọjọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òun sún nǹkan síwájú, ọmọdé tí ó bá wà níbẹ̀ yóò bi í pé, "Di ìgbà wo?" Bí a bá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa ní Yorùbá lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ náà ìbá ṣì wà.

Síbẹ̀, kí a má ṣe yin èdè wa ju bí ó ti yẹ lọ. Àwa náà ní ibi tí a ń sá pamọ́ sí. A máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ná." Fi í sílẹ̀ fún ta ni? Fi í sílẹ̀ di ìgbà wo? A máa ń sọ pé, "Ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà," tàbí pé, "Olúwa yóò ṣe é," nígbà tí ó jẹ́ pé owó wà nínú àpótí, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò wa. Ní ọjà Sábó Gárí níbí, bí oníbàárà kò bá fẹ́ san gbèsè, yóò sọ fún ọ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Sai gobe," èyí ni pé ó di ọ̀la. Bí ó bá dọ̀la, yóò tún sọ ọ́. Kò jẹ́ sọ pé òun kò ní í san. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, o mọ ohun tí ìwọ yóò ṣe. Ọ̀la rẹ̀ ni ó dè ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí. Sísún síwájú àti gbígbà fún ẹlòmíràn jọ ara wọn lójú. Ẹni tí ń ṣe èkínní àti ẹni tí ń ṣe èkejì, àwọn méjèèjì ni ó dákẹ́, àwọn méjèèjì ni ó káwọ́ gbera. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti fi aṣọ ọ̀kan bo èkejì. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? A rò ó títí, a sì rí ìdáhùn kan tí kò tíì já wa kulẹ̀: ẹ wo ẹni tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà fún ẹlòmíràn ní tòótọ́, ohun tirẹ̀ ni ó fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ èrò rẹ̀, ipò rẹ̀, tàbí ìpín rẹ̀. Ẹni tí ń sún nǹkan síwájú láìnídìí, ohun ẹlòmíràn ni ó ń ná, nítorí ọjọ́ tí ó ń nà sẹ́yìn kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹni tí ń dúró ni. Nínú ọ̀rọ̀ opó wa, ìgbìmọ̀ kò pàdánù kọ́bọ̀, àwọn alàgbà kò pàdánù kọ́bọ̀. Ìyá náà nìkan ni ó san owó ìrẹ̀lẹ̀ wa.

Ẹ rántí Ábúráhámù àti Lọ́tì, nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 13. Ẹran ọ̀sìn wọn pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, àwọn darandaran wọn sì ń jà. Ábúráhámù ni arákùnrin bàbá Lọ́tì, òun ni Ọlọ́run pè, òun ni ó mú ọmọ náà rìn. Bí ó bá sọ pé òun ni yóò kọ́kọ́ mú, kò sí Yorùbá kan tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó ní kí Lọ́tì kọ́kọ́ yàn, bí ó bá gba ọwọ́ òsì, òun a gba ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́tì gbé ojú sókè, ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì tí omi wà níbi gbogbo, ó sì mú un. Àgbà ni ó gbà fún ọmọdé níhìn-ín, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ hàn lójú gbogbo ayé. Kò sún ìjà náà síwájú. Ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n Lọ́tì yìí kan náà ni a tún bá ní orí 19, nígbà tí iná fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí Sódómù, tí ó ń lọ́ra, tí ó ń falẹ̀, títí àwọn áńgẹ́lì fi di í lọ́wọ́ mú jáde. Ẹni tí ó yára yan ohun tí ó dára fún ara rẹ̀ ni ó wá ń falẹ̀ nígbà tí ó kan ohun tí yóò gbà á là.

Ẹni tí ó fi aṣọ ọ̀kan bo èkejì ni Fẹ́líksì gómìnà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 24. Wọ́n mú Pọ́ọ̀lù wá síwájú rẹ̀ ní Kesaréà. Ó gbọ́ ẹ̀sùn, ó gbọ́ àwíjàre, ó sì mọ ọ̀nà ìgbàgbọ́ náà dáadáa ju bí àwọn olùfisùn ti rò lọ. Ẹ wo ohun tí ó sọ: nígbà tí Lísíà olórí ogun bá sọ̀kalẹ̀ wá, òun yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìparí. Ta ni kò ní í yin irú adájọ́ bẹ́ẹ̀? Ó dàbí ẹni tí ó ń gbà fún ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Lísíà ti kọ lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú, a sì lè kà á ní orí 23, pé òun kò rí ohun kan tí ó tó ikú tàbí ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ ọkùnrin náà. A kò sì tún gbọ́ pé Lísíà wá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù bá gómìnà sọ̀rọ̀ òdodo àti ìdájọ́ tí ń bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì ní kí ó máa lọ ná, bí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún òun, òun yóò tún pè é. Ìwé Mímọ́ kò fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa: ó ń retí pé Pọ́ọ̀lù yóò fún òun lówó. Ọdún méjì kọjá. Fẹ́stù dé láti gba ipò rẹ̀, Fẹ́líksì sì fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú ìdè, kí ó lè tẹ́ àwọn Júù lọ́rùn. Orúkọ Lísíà ni ó fi bojú, ọdún méjì ayé Pọ́ọ̀lù ni ó sì ná.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé gbogbo sísún síwájú ni ó burú? Rárá o. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ọdún 1611, ibi méje ni a ti lè rí ọ̀rọ̀ "defer" yìí, ní gbogbo ibi méjèèje sì ni ó jẹ́ ti sísún síwájú. Kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ti gbígbà fún ènìyàn. Ní Òwe orí 19, a yin ọlọ́gbọ́n tí ó sún ìbínú rẹ̀ síwájú. Ní Ìsáyà orí 48, Olúwa fúnra rẹ̀ sọ pé òun yóò dá ìbínú òun dúró nítorí orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ní Oníwàásù orí 5, a kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ní Òwe orí 13 sì ni a ti sọ pé ìrètí tí a ń sún síwájú a máa mú ọkàn ṣàárẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é ní ìrètí "pípẹ́". Gẹ̀ẹ́sì wo ọwọ́ ẹni tí ó sún un. Yorùbá wo ojú ẹni tí ń dúró. Bí a bá sì kó gbogbo wọn jọ, a ó rí i pé òfin kan náà ni: ìbínú wa, tí í ṣe gbèsè tí a rò pé ẹlòmíràn jẹ wá, kí a sún un síwájú bí ó bá ti lè pẹ́ tó. Ẹ̀jẹ́ wa, tí í ṣe gbèsè tí àwa jẹ, kí a san án lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó yí i padà. A ń bínú kíákíá, a sì ń san owó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo gbígbà fún ẹlòmíràn ni ó dára. Ọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ ohun iyebíye tí a mú ti ilé wá, a kò sì fẹ́ kí ó sọnù mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nílẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni ó sọ pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú Gálátíà orí 2, Pọ́ọ̀lù kò gbà fún Pétérù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Pétérù ṣáájú rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, nítorí ó rí i pé ohun tí ó ń ṣe ní Áńtíókù kò tọ́. Ọmọdé tí ó bá rí i pé ilé ń jó, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé àgbà kò tíì sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni ó ń bù fún un. Ó ń dì í ní ẹrù ẹ̀bi ni.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ bí ìjọ ti ṣe ń gbà fún ara wọn láìsún nǹkan síwájú, ẹ jẹ́ kí a ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ọ̀rọ̀ àwọn opó ni níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì kò rí ìpín wọn gbà nínú oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí ó ní orúkọ rere, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ àwọn méjèèje wà nínú ìwé títí di òní, láti orí Sítéfánù dé orí Níkólá ará Áńtíókù. Bí gbígbà fún ẹlòmíràn ti ń rí nìyẹn: a mọ orúkọ ẹni tí ó gbà á, a mọ iṣẹ́ tí a gbé fún un, ẹni tí ebi ń pa sì rí oúnjẹ jẹ.

Ní orílẹ̀-èdè wa yìí pẹ̀lú, a ti rí àwọn méjèèjì nínú ìdìbò kan ṣoṣo. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2015 ni a kọ́kọ́ dá fún ìdìbò Ààrẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan a sún un di ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ní ọdún 2019, a tún sún ti ọjọ́ 16 oṣù kejì di ọjọ́ 23, òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ ìdìbò gan-an ni a sì kéde rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti pa ìsọ̀ dé, tí ẹ ti wọkọ̀ lọ sílé láti dìbò, ẹ mọ ẹni tí ó san owó ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2015, kí a tó ka èsì dé ìparí, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi tẹlifóònù pe Muhammadu Buhari, ó sì kí i kú oríire. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè máa rò nípa àwọn méjèèjì, ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni, ó sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti àwọn baba wa, a mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Láti ìgbà náà, a ti yí àkọsílẹ̀ ìpàdé wa sí Yorùbá. A kò sì jẹ́ kọ pé a fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ mọ́ láìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni a fi í sílẹ̀ fún? Ọjọ́ wo ni yóò dáhùn? Kí ni ẹni tí ń dúró yóò máa jẹ títí di ọjọ́ náà? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó le jù. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, alàgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ti fẹ́ sọ gbogbo wa di ará ilé-ẹjọ́." Ṣùgbọ́n ní ìpàdé kẹta lẹ́yìn èyí, bàbá náà fúnra rẹ̀ ni ó bèèrè ìbéèrè kẹta kí a tó dé ibẹ̀.

A fi ìbéèrè mẹ́ta náà lé ẹ̀yin pẹ̀lú lọ́wọ́. Ìwọ òṣìṣẹ́ ìjọba, fáìlì tí ó wà lórí tábìlì rẹ, tí o kọ sí i pé ó di ìgbà tí ọ̀gá bá dé, ṣé ọ̀gá ni ó yẹ kí ó dá a lẹ́jọ́ lóòótọ́, tàbí ìwọ ni Fẹ́líksì, tí ọ̀gá sì jẹ́ Lísíà? Ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń wá lójoojúmọ́ nítorí fáìlì náà ń wọ ọkọ̀ wá ni. Ìwọ oníṣòwò, ọmọ iṣẹ́ rẹ tí ó ti pé ọdún tí ẹ jọ ṣàdéhùn, tí o ń sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ọjà yá díẹ̀ kí o tó dá a sílẹ̀, ọdún ta ni o ń ná? Léfítíkù orí 19 kò gbà pé kí owó alágbàṣe sùn lọ́dọ̀ wa di òwúrọ̀, Òwe orí 3 sì kọ̀ fún wa láti sọ fún aládùúgbò pé kí ó lọ kí ó padà wá lọ́la, nígbà tí ohun tí ó ń bèèrè wà lọ́wọ́ wa. Àwọn baba wa náà sọ pé, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tí a bá fi falẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò yí padà di ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìbéèrè yìí mú yín ya aláìgbọràn. Ibi tí ó bá yẹ kí a gbà fún ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a gbà tọkàntọkàn, kí a sì fi ohun tiwa sílẹ̀ bí Ábúráhámù ti fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ó bá yẹ kí a ní sùúrù, kí ó jẹ́ pé àwa ni ń ṣe sùúrù náà, kì í ṣe pé à ń fi sùúrù bọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Ní ti ẹ̀rọ ìránṣọ, a wá a títí dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ó ti gbé e kúrò ní ìlú yìí. Ìgbìmọ̀ dá owó jọ láti àpò ara wọn, kì í ṣe láti inú àpótí ìjọ, wọ́n sì ra òmíràn fún ìyá náà. Ó gbà á, ó sì gbàdúrà fún wa. Kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, òun mọ̀, àwa náà mọ̀.

Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọkàn tí ń gbà fún ẹlòmíràn, àti ọwọ́ tí kì í falẹ̀. Àmín.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ìjọ